Ìpè Tó Wọ Ìlú Adákújí

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ jẹ́ kí òjò tó ń rọ̀ níta yẹn máa bá tirẹ̀ lọ, kí àwa náà máa bá tiwa lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ tòògbé, kó yáa tètè tòògbé báyìí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yóò lé oorun kúrò lójú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí. Èmi ni mo tẹjú mọ́ ẹfọ̀n nínú igbó títí ẹfọ̀n fi bojú wẹ̀yìn, tó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu. Àwọn tó mọ̀ mí nígbà tí eyín mi pé lẹ́nu ṣì wà láàyè, ẹ lọ bi wọ́n.

Mi ò ní in lọ́kàn láti sọ ìtàn yìí lónìí. Ṣèyífúnmi ló fà á, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílùú ńlá. Mo kàn bi í pé kí ló máa ń fi ojúmọ́ ṣe níbẹ̀ ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ńlá kan wà tí a máa ń kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn sínú rẹ̀. Àwọn ti inú yẹn kì í ṣe irin, ẹ ò lè fọwọ́ kàn wọ́n, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà pé òun nìkan ló wà. Ẹ̀rọ ńlá yẹn ló ń fún wọn lágbára. Tó bá fún èyí tán, á kọjá sí tọ̀hún. Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ níta tó yẹ kí ọ̀kan nínú wọn gbọ́, iṣẹ́ tèmi ni láti la ọ̀nà tí ìpè náà máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkòkò tábà bọ́ lẹ́nu mi. Gbogbo yín rí i. Mo ní, "Ta ló mú yín dé ilé Bàbá Ẹlẹ́wìrì?" Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n! Wọ́n lọ kọ́ irú ilé yẹn sínú ẹ̀rọ, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ ti wà rí, bẹ́ẹ̀ èmi tí mo jókòó yìí ni mo la ọ̀nà ìpè síbẹ̀. Nítorí náà ẹ gbọ́ o. Ìwọ náà, Ṣèyífúnmi, fi fóònù yẹn sílẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ló gbé mi dé ibẹ̀. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ìyá kan náà ló bí wa. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó lọ ṣa ìgbín nínú igbó lẹ́yìn òjò, kò sì padà wálé. A wá a títí, a ò rí egungun, a ò rí aṣọ. Mo gbéyàwó, mo bímọ, irùngbọ̀n mi di funfun, síbẹ̀ mi ò gbà pé Àwẹ̀ró ti kú. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo so àpò ọdẹ mọ́ ìdí, mo forí lé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í dé nínú igbó náà. Mo ní àfi kí n rí i tàbí kí èmi náà má padà.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ẹ̀dá kan tó jẹ́ pé etí ló bò ó láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Etí wà níwájú orí rẹ̀, etí wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, etí wà láàárín ìka. Ó jókòó sídìí igi àràbà, ó di òkèlè iyán mú, ó sì ti rù kan eegun. Bó bá ti gbé òkèlè náà sókè báyìí, ewé kan á já bọ́. Á ní, "Mò ń bọ̀ o!" Á dìde, á sáré lọ wo ewé náà, á padà wá jókòó, á tún gbé òkèlè. Èèrà á rìn kọjá. "Mò ń bọ̀ o!" Á tún dìde. Iyán ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti le gbagidi.

Mo ṣe bí ọdẹ ṣe ń ṣe, mo yìnbọn sókè kí n fi dẹ́rù bà á. Yéè! Ìró ìbọn lọ kọ lu òkè, ó padà, ó kọ lu igi, ó tún padà, gbogbo rẹ̀ pátá ni ẹ̀dá yìí ń sáré lọ dá lóhùn, ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn, títí tó fi ṣubú lulẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Èmi tí mo fẹ́ dẹ́rù bà á, ẹ̀rù bà mí. Ó ní, "Ọdẹ, mo bẹ̀ ọ́, má yìn ín mọ́. Ìpè kan ṣoṣo ni mò ń retí láti ìgbà èwe mi, ìpè ìyàwó mi ni. Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ni mò ń gbọ́, mi ò ráàyè gbọ́ tirẹ̀. Tó o bá lè sọ ohun tí mi ò gbọdọ̀ gbọ́ kí n tó lè gbọ́, màá fọ̀nà hàn ọ́."

Mo ronú díẹ̀. Mo tú àpò mi, mo mú òwú tí mo fi ń di ìbọn jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi dí etí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dí ti ìka, mo dí ti ìgbọ̀nwọ́, mo dí ti ikùn, ó ku méjì tó wà níbi tí Olódùmarè fi tiwa náà sí. Ewé já bọ́. Kò dìde. Ó gbé òkèlè náà sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà la gbọ́ ohùn obìnrin kan lókèèrè pé, "Ẹlẹ́tí o, oúnjẹ rẹ ti tutù o!" Háà, ẹ ò rí bó ṣe fò sókè! Bó ṣe ń sáré lọ ló ń nawọ́ sẹ́yìn pé kí n máa tẹ̀lé atẹ́gùn gbígbóná tó ń fẹ́ láti apá òsì.

Atẹ́gùn náà gbé mi dé iwájú ilé kan tí mi ò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí mi ò rí òpin rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la àárín rẹ̀ kọjá, ibodè sì wà lọ́tùn-ún lósì. Mo yọjú wo ibodè tó sún mọ́ mi. Ìlú odindi ló wà níbẹ̀, ó ní ojú ọ̀run tirẹ̀, ó ní oòrùn tirẹ̀. Obìnrin kan ń da omi láti inú kèrègbè sínú ìkòkò, omi náà dúró lágbede méjì, kò dé ìkòkò, kò padà sí kèrègbè. Ọmọ kan fò sókè níbi tó ti ń ṣeré, kò tíì balẹ̀. Ajá la ẹnu láti gbó, kò gbó. Mo wò wọ́n títí, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́jú. Gbogbo irun ara mi dìde.

Lójijì, atẹ́gùn gbígbóná kan gba etí mi kọjá wọ inú ìlú náà. Omi dà sínú ìkòkò. Ọmọ balẹ̀. Ajá gbó. Ariwo ọjà sọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Mo sún mọ́ ẹnu ibodè kí n lè wò wọ́n dáadáa.

"Àlejò, kúrò lójú ọ̀nà èémí."

Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá arúgbó kan ni, ó ga tó òpó àjà, ó gbé ẹwìrì bí èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fín iná, àmọ́ tirẹ̀ tó ahéré. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àbúrò mi ni mò ń wá." Ó ní kí n dìde. Ó ní Ẹlẹ́wìrì ni wọ́n ń pe òun, gbogbo ìlú tó wà nínú ilé yìí, àlejò òun ni wọ́n, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní èémí tirẹ̀. Ẹwìrì kan ṣoṣo lòun ní. Òun á fín in sí ìlú yìí díẹ̀, òun á gbé e lọ sí ìlú tó tẹ̀ lé e, títí òun á fi yí gbogbo wọn ká. Ìlú tí èémí bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ á dúró bó ṣe wà. Nígbà tí èémí bá padà, á máa bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ.

"Ṣé wọn ò mọ̀ ni?" Mo bi í.

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Ìgbà tí wọ́n bá ń mí nìkan ni wọ́n wà." Ó ní kí n má jẹ oúnjẹ ìlú kankan níbẹ̀, torí ẹni tó bá jẹ ẹ́, èémí ẹwìrì náà ni yóò máa mí. Ìgbà tó bá kọjá ẹnu ibodè síta nìkan ni èémí tirẹ̀ yóò padà sí i. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fín ẹwìrì, kò sì gbé ojú kúrò lára ìlú iwájú rẹ̀. Bí ẹwìrì bá ti ń dún, kì í gbọ́ nǹkan mìíràn. Ìgbà tó bá ń rìn láti ibodè kan sí òmíràn ló máa ń wo ọ̀tún wo òsì.

Mo wá Àwẹ̀ró láti ibodè dé ibodè. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ayédùn ni mo ti rí i, àmọ́ èmi Adákújí ni mo sọ ọ́. Ó jókòó ti ẹnu ibodè lórí àpótí, ó la ẹnu rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò lọ, kò bọ̀. Ẹ gbọ́ mi o! Ọmọge ni! Aṣọ tó wọ̀ lọ ṣa ìgbín ló wà lára rẹ̀, ẹrẹ̀ ìdí aṣọ náà kò tíì gbẹ. Mo dì mọ́ ọn, ó tutù bí odi, mo wá mọ̀ pé ó ti jẹ oúnjẹ wọn. Mo sunkún bí ọmọdé. Ìgbà tí èémí dé, ó parí ẹ̀rín rẹ̀, ó rí mi, ó sì kúnlẹ̀ gbì.

"Bàbá mi! Ẹ má bínú, mò ń bọ̀ wálé lónìí náà ni."

Ó rò pé bàbá wa ni mí. Bàbá wa tó ti kú kí n tó bí àkọ́bí mi! Mo ní, "Àwẹ̀ró, Ọdẹ́gbàmí nìyí." Ó ranjú mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ káàbọ̀ o, ilé ń kọ́? Bàbá ń kọ́? Màmá ń kọ́? Gbogbo ará ilé ń..." Èémí sì lọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ lórí eékún, pẹ̀lú "ń kọ́" lẹ́nu.

Mo sáré lọ bá Ẹlẹ́wìrì pé mo fẹ́ mú un lọ. Ó mi orí, ó ní kí n kọ́kọ́ wá wo nǹkan kan. Ó mú mi lọ síwájú ibodè kan tí wọ́n fi igi há, ó ní kí n yọjú. Ì bá dára tí mo bá kọ̀. Omi ló kún ìlú náà dé òrùlé, omi tó mọ́ gaara, gbogbo ará ìlú sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n la ẹnu.

"Odò tó wà lẹ́yìn ilé yìí ló kún," ó ní. "Ìránṣẹ́ mi, Kánmọ́kánmọ́, lọ pè wọ́n pé kí wọ́n jáde. Èémí ò sí lọ́dọ̀ wọn lásìkò náà. Ó dúró lẹ́nu ibodè, ó kígbe ohun tí mo rán an, kò sẹ́ni tó lóun ò lọ, ó bá padà wá sọ pé òun ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Èmi náà gbà á. Mo gbé ẹwìrì mi wá, mo fín in. Àárín omi ni wọ́n ti mí." Ó fọwọ́ kan igi tí wọ́n fi há ibodè náà. "Mo tètè dá ọwọ́ dúró. Láti ọjọ́ náà mi ò jẹ́ fín in sí wọn mọ́. Wọn ò kú, wọn ò yè."

Mo pariwo. Èmi tí ẹfọ̀n ń sá fún, mo gbé ọwọ́ lórí, mo pariwo. Ó ní, "Odò náà tún ti ń kún. Ayédùn ló wà nísàlẹ̀ jù báyìí."

Mo padà lọ dúró ti Àwẹ̀ró títí èémí fi dé. Mo ní kó dìde ká máa lọ kíá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ nípa odò, àmọ́ kò gba ti èémí gbọ́ rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi eré sílẹ̀. Mò ń mí, ẹ ò rí i ni? Àwọn ará ibí ò tilẹ̀ gbà pé ìta wà. Wọ́n ní èmi tí mo ní mo ti ìta wá ni kí n máa ṣọ́ ibodè, bóyá ẹlòmíràn yóò wọlé. Tí mo bá lọ, ta ni yóò gbọ́ ìpè fún wọn? Mopélọ́lá, aládùúgbò mi, tún lóyún sínú, ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú." Kò lọ. Irú orí kunkun yẹn, ilé wa ló ti wá.

Bó ṣe di pé mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọn ò bẹ̀ mí nìyẹn. Mo bi wọ́n bí ìpè ṣe ń wọ ìlú náà tẹ́lẹ̀. Kánmọ́kánmọ́ máa ń já wọ inú ìlú ni, á kígbe sétí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí. Ọkọ Mopélọ́lá, ẹlẹ́mu ni. Orí ọ̀pẹ ló wà, ó ń tún igbà rẹ̀ so, nígbà tí Kánmọ́kánmọ́ kígbe pè é látìsàlẹ̀. Ó yíjú, ó jọ̀wọ́ igbà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ á ta màrìwò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ pè é. Bí Kánmọ́kánmọ́ bá wá rí màrìwò, ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe? Á ju iṣẹ́ tí wọ́n rán an sínú igbó, á padà sílé!

Mo gbẹ́ pátákó kan, mo gbé e kọ́ sára ìlẹ̀kùn ibodè, kó dojú kọ inú ìlú. Mo kó ẹfun fún Kánmọ́kánmọ́. Mo ní, "Má pe ẹnikẹ́ni mọ́. Fa àmì ìpè rẹ síbí, kí o máa lọ. Ì báà jẹ́ pé wọ́n ń mí, ì báà jẹ́ pé wọn ò mí, àmì ò ní sálọ. Èyí tó bá burú jù, fà á sókè." Mo sọ fún Àwẹ̀ró pé ohun àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wò ni pátákó náà, kó tó sọ̀rọ̀, kó tó yíjú. Bí màrìwò bá wà lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ìpè wà fún, kó jẹ́ kí àmì dúró dè é títí yóò fi já màrìwò rẹ̀.

A fi òjò dán an wò. Kánmọ́kánmọ́ fa àmì pé òjò ń bọ̀, kí wọ́n kó èlùbọ́ wọn. Èémí dé, Àwẹ̀ró rí i, mo rí i tó rí i. Òjò dé, gbogbo èlùbọ́ ìlú náà ṣàn lọ! Mo gbá àyà mú. Mo ní, "Àwẹ̀ró, kí ló dé?"

Ó ní, "Mo dáhùn, ẹ̀gbọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, a ti gbọ́. Mo wá nu àmì náà, torí kí wọ́n má baà sọ pé a gbọ́ ìpè, a ò jẹ́."

"Ṣé o sọ fún àwọn tó sá èlùbọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń bi í. Ẹ ò rí nǹkan! Ó ti jẹ́ ìpè, ó ti dúpẹ́, lójú tirẹ̀ iṣẹ́ ti parí. Èémí sì lọ kó tó dìde lórí eékún. Nígbà tó padà, àmì ò sí lórí pátákó, kò sí ohun tó lè rán an létí. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá wa kọ́ wa yẹn ló fẹ́ pa ìlú run.

Mo wá lọ osùn. Mo ní, "Ẹfun Kánmọ́kánmọ́, má nù ún. Bí o bá ti gbọ́, fi osùn lé e lórí. Funfun túmọ̀ sí pé wọ́n ń pè ọ́. Osùn lórí funfun, o ti gbọ́, o wà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán pátápátá ni kí o tó nù ún. Bí ìpè mìíràn bá dé kí ti àkọ́kọ́ tó parí, funfun tirẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Ṣèyífúnmi, o ti ń wò mí báyìí o! Ẹnu ń yà ọ́? Ó ní irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ìjókòó jiyàn lé lórí níbi iṣẹ́ wọn. Ẹ bá mi kí ara mi!

A tún dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Inú Ẹlẹ́wìrì dùn. Ó ní, "Ọdẹ, ṣé kò yẹ kí ìpè kan wà tí màrìwò ò lè dá dúró?" Mo ní rárá. Mo ní ẹlẹ́mu tó já bọ́ yẹn ti tó. Ó wò mí, ó gbé ẹwìrì rẹ̀ kọjá lọ.

Ọ̀sán kan, a gbọ́ híhó odò. Kánmọ́kánmọ́ sáré lọ fa àmì sókè pátákó, ó fà á nípọn. Èmi náà sáré tẹ̀ lé e. Èémí dé, ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo sì wojú àpótí Àwẹ̀ró. Kò sí níbẹ̀. Màrìwò ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ibodè, yàrá tó ń gbé. Mopélọ́lá ń rọbí nínú yàrá náà, Àwẹ̀ró ló ń gbẹ̀bí. Funfun wà lórí pátákó, òfin tí mo fọwọ́ ara mi ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà, omi sì ti ń yọ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo já màrìwò náà. Mi ò kígbe. Mo wọlé wẹ́rẹ́, mo ní, "Omi dé." Mo rò pé yóò fò sókè. Kò fò. Orí nìkan ló yí sí mi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níbi tí orí ọmọ ti ń yọ.

"Ẹ bá mi fi osùn sí i," ó ní. "Kí ẹ ní kí wọ́n máa jáde. Mò ń bọ̀."

Mo fi osùn sí i, mo so ìyókù osùn náà kọ́ ọrùn. Mo ké sí ìlú. Àwọn tó ti fi ìta ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ rí omi lábẹ́ ìlẹ̀kùn, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde sọ́nà òkè, Kánmọ́kánmọ́ ló síwájú wọn. Ìdajì wọn ti jáde nígbà tí èémí lọ. Ẹlẹ́wìrì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju bó ṣe yẹ lọ, bí kò bá kọjá, àwọn ìlú yòókù á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mí. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ nǹkan yàtọ̀ sí kó dá dúró láàárín rẹ̀. Èmi nìkan ló ń mí nínú ìlú náà. Omi ń gun ẹsẹ̀ àwọn tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè tí wọn ò tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ Mopélọ́lá ti yọ dé èjìká, ó dúró síbẹ̀. Omi dé orókún Àwẹ̀ró, kò mọ̀. Mo fi ọwọ́ mi gbọ́n omi kúrò ní ibi ẹní náà, mò ń gbọ́n, mò ń sunkún, mò ń pe orúkọ ìyá wa.

Èémí padà. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, ó ké. Àwẹ̀ró yíjú sí pátákó, ó rí osùn lórí funfun, kò kí ẹnikẹ́ni, kò bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ẹ máa lọ! Ẹ máa lọ!" Àwọn obìnrin gbé Mopélọ́lá àti ọmọ rẹ̀, wọ́n sá jáde. Mo bọ́ síta, mo nawọ́ sí i. Ó yẹ gbogbo ilé wò, kò ku ẹnì kan, ó wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá ẹnu ibodè.

Èémí lọ.

Ìdajì Àwẹ̀ró wà níta, ó ń mí èémí ara rẹ̀. Ìdajì kejì wà nínú Ayédùn. Mo fà á, bí ẹni ń fa òpó ilé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀lé mi." Ó bojú wẹ̀yìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó rí ẹyẹlé tó dúró lójú òfurufú láìju apá, ó rí èéfín iná ìdáná tó dúró lórí ààrò.

"Ṣé bí a ṣe máa ń rí nìyí?"

Mo tún fà á. Ó wá wojú mi, ó wò ó dáadáa, ó fọwọ́ kan irùngbọ̀n mi. "Bàbá ti kú, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Omi ti dé ìbàdí rẹ̀.

Mo kígbe pe Ẹlẹ́wìrì. Ẹwìrì ń dún lókèèrè, ojú rẹ̀ wà lára ìlú mìíràn. Ìgbà náà ni òtútù mú mi. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ta, pátákó, ẹfun, osùn, inú ìlú ni gbogbo wọn dojú kọ. Mo ti la ọ̀nà fún onílé láti pe àlejò. Ẹnikẹ́ni ò ronú rí pé àlejò lè pe onílé, àní èmi tí mo gbọ́n jù.

Àwẹ̀ró ò dúró gbọ́ ẹkún mi. Ó tú kókó aṣọ rẹ̀, ẹfun kékeré kan tó ti ṣà lẹ́sẹ̀ pátákó wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó wà láàyè, ó fa àmì funfun gbàǹgbà sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ibodè, níhà ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí rí. Omi dé àyà rẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ sókè.

Ẹwìrì dákẹ́. Bàbá náà ń kọjá láti ibodè kan sí òmíràn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì dúró. Mo rí i tí ìyàlẹ́nu mú un, ẹnu rẹ̀ là.

"Ta ló pè mí?"

"Èmi ni, Bàbá," Àwẹ̀ró ní. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́."

Kò tíì kan Ayédùn. Ìlú púpọ̀ ló wà láàárín. Arúgbó náà fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó la omi kọjá wá, ó ti ìka rẹ̀ bọ inú osùn tó wà lọ́rùn mi, ó sì fi lé àmì funfun náà lórí. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó gbé ẹnu ẹwìrì sí ibodè, ó fín in lẹ́ẹ̀kan, àbúrò mi sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo gbé e gun òkè. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ẹlẹ́wìrì ṣì dúró nínú omi níwájú ìlẹ̀kùn, ó ń wò wá. Àwẹ̀ró jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mopélọ́lá, ó mí, ó tún mí, kò sẹ́ni tó ń fín in fún un. Ó nawọ́ sí bàbá náà pé iṣẹ́ ti parí. Ìgbà yẹn ni Ẹlẹ́wìrì tó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nu àmì náà kúrò.